Ọ̀rọ̀ Kan fún Gbogbo Ilẹ̀kùn

Omi tíì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó nígbà tí Nọ́ọ̀sì figbe ta nínú yàrá. Igbe náà kò gùn. Ó dà bí ti ẹni tó fẹsẹ̀ gbá òkúta lójijì. Bàbá rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó ń fi búrẹ́dì nu ìyókù ẹyin inú abọ́ rẹ̀, kò sì dìde. Baba Kọ́kọ́rọ́ kì í dìde nídìí oúnjẹ àárọ̀ àfi bí iná bá ń jó òrùlé.

"Kí ló ṣe ọ́?" ni ìyá bi í láti ilé ìdáná.

"Màámi, ímeèlì kò ṣí. Mo kọ páásíwọ̀dù, ó ní kì í ṣe òun."

"Fara balẹ̀ kọ ọ́. Ìkánjú ló ń ṣi ọwọ́ ènìyàn."

"Mo ti fara balẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnì kan ti yí i padà."

Ọmọ náà kò tíì di nọ́ọ̀sì o. Láti kékeré ló ti ń fi àkísà di ẹsẹ̀ adìyẹ, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ìbà lára ọmọlangidi, ni àdúgbò ti sọ ọ́ ní Nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ di Ìyá Nọ́ọ̀sì, orúkọ sì ṣáájú iṣẹ́ wọlé. Iṣẹ́ náà wá fẹ́ dé báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti mú un. Ohun tó kù ni kó ṣí lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ímeèlì, kó fi nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun gbà, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì wọn lónìí. Bí wọ́n bá ti ọ́fíìsì láìrí i, àyè rẹ̀ di ti ẹni tó tẹ̀lé e. Ìbá ti ṣe é ṣáájú, àmọ́ bàbá ní kí wọ́n dúró kí owó iṣẹ́ tí òun ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan jáde ná, nítorí òun kì í tọwọ́ bọ ohun tí òun kò lè san. Àná ni owó jáde.

"Kí lo kọ?" ni bàbá bi í.

"Ohun tí a máa ń kọ náà ni, bàbá mi. Ẹ̀rínlójú mẹ́rìnlá."

Ẹ̀rínlójú ni ìnagijẹ ìyá Baba Kọ́kọ́rọ́ tó ti di olóògbé. Mẹ́rìnlá sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri iwájú ilé. Baba Kọ́kọ́rọ́ ló fi ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀. Ímeèlì kan ni fún gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni níbikíbi tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọlé: ní báńkì, ní iléeṣẹ́ iná, ní ilé ẹ̀kọ́, títí kan ibi tí òun ti ń wo bọ́ọ̀lù. "Ẹni tó bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ará ilé rẹ̀, ó ní ohun tó ń ṣe lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fèsì.

Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, ariwo ayùn àti fáìlì tó fi ń ha irin kì í tán níbẹ̀. Bí o bá gbé àgádágodo méjì tọ̀ ọ́ lọ pé kó fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣí méjèèjì, á wò ọ́ bí ẹni tó ní kó wá gbẹ́ sàréè fún òun. Bí oníbàárà bá fẹ́ yan nọ́ńbà tí yóò máa fi ṣí àpótí owó rẹ̀, Baba Kọ́kọ́rọ́ á kẹ̀yìn sí i, á kọjú sí ògiri títí ẹni náà á fi ní òun ti ṣe tán. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ kì í wo ọwọ́ ẹni tó rà á. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tí àwọn èèyàn fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú àpótí irin kan lábẹ́ tábìlì ṣọ́ọ̀bù, okùn kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru. Gbogbo èyí ló mọ̀ ní irin. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

"Àpótí tí àbúrò yín fi sórí fóònù ọmọ yìí lọ́jọ́sí ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Baba Kọ́kọ́rọ́ ya búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì.

"Bàbá mi ní kí n yọ ọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. Kò gbójú sókè.

Nídìí tábìlì yìí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò Baba Kọ́kọ́rọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Wáyà nítorí pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ló ṣàlàyé fún ọmọ náà pé àpótí kan wà lórí fóònù tó máa ń ṣẹ̀dá páásíwọ̀dù gígùn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ibì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń bá ènìyàn tọ́jú wọn; ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ṣí àpótí náà ni ènìyàn máa fi sórí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Baba Kọ́kọ́rọ́ gbọ́. "Kọ́kọ́rọ́ kan tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn? Olè ló ń rọ irú ẹ̀. Yọ ọ́." Ó dúró lé ọmọ náà lórí títí ó fi yọ ọ́, títí ó fi dá gbogbo nǹkan padà sí Ẹ̀rínlójú mẹ́rìnlá. Ọmọ náà gbọ́ràn. Baba Kọ́kọ́rọ́ wo ọmọ náà báyìí, ó sì ń ronú pé ìbá sàn ká ní ó ṣorí kunkun lọ́jọ́ náà.

"Ṣé nítorí kọ́kọ́rọ́ lẹ ṣe ní kó yọ ọ́," ni ìyàwó rẹ̀ tún bi í, "àbí nítorí ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde?"

Gbogbo ilé ló mọ èsì. Wáyà ló dúró níwájú àwọn oníbàárà lọ́jọ́ kan tó ní láìpẹ́ fóònù ni wọ́n á máa fi ṣílẹ̀kùn, pé ẹ̀gbọ́n òun á wá máa ta kọ́kọ́rọ́ fún eku. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò létí Baba Kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà kò mu omi nílé àbúrò rẹ̀ mọ́, bí àbúrò náà tilẹ̀ ṣì ń wá kí ilé.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí ilé wọn kọjú síra, já wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Baba Kọ́kọ́rọ́! Ẹ wà láyé? Ẹ sì tún ń jẹ ẹyin!"

"Kí ni ìbá pa mí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi láàárọ̀ pé ẹ já láti orí àkàsọ̀, pé ẹ wà nílé ìwòsàn, kí n tètè fi ohunkóhun tí mo bá ní ránṣẹ́. Mo ní kí n wá wo ìyàwó yín kí n bá a sunkún."

"Ṣé ẹ ò fi nǹkan kan ránṣẹ́?" ni Nọ́ọ̀sì sáré bi í.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wo ilẹ̀. "Owó ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ yìí ni. Mo ní ẹ̀mí ju búrẹ́dì lọ."

Baba Kọ́kọ́rọ́ gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún obìnrin náà pé olè ló ti wọ ímeèlì ilé. Ó mi orí, ó mi orí.

"Háà. Wọ́n ti mọ Ẹ̀rínlójú mẹ́rìnlá nìyẹn."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i.

"Kí lẹ ń wò mí fún? Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń pariwo ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù nígbàkígbà tí ìyàwó yín bá gbàgbé. Bí ajá mi bá lè sọ̀rọ̀, á kà á fún yín."

Lọ́jọ́ mìíràn, wọn ìbá rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹnì kan ti kọ ọ̀rọ̀ náà síbi tuntun kan láìpẹ́ yìí. Ìyá rẹ̀ yí iná sítóòfù sílẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò," ló wí. "Ó dínwó púpọ̀. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì, kí n kọ páásíwọ̀dù. Ìkòkò náà ò dé."

"Ìkòkò!" ni ọkọ rẹ̀ kígbe. "Nítorí ìkòkò ni o fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́!"

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, ẹ má kígbe mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ta ni mo kọ síbẹ̀? Ẹ fún mi ní méjì rí? Bí ẹ bá fún mi ní ti báńkì lọ́tọ̀, ti ìkòkò lọ́tọ̀, ìkòkò nìkan là bá máa sunkún lé lórí báyìí."

"Ṣé èmi ni mo ní kó o máa lọ rajà lọ́dọ̀ ẹni tí o ò rójú ẹ̀?"

"Ẹ pe Wáyà," ni ó dá a lóhùn. "Ẹ fi ìjà yìí sílẹ̀, ẹ pe Wáyà."

"Mi ò pè é."

"Bí a bá ń bínú orí, a kì í fi fìlà dé ìbàdí o," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí jẹ́ẹ́, ó sì jáde.

Baba Kọ́kọ́rọ́ wọ aṣọ tó dára. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ tó mú ọmọ òun, ilé tó ní ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Òun yóò lọ kanlẹ̀kùn. Ó mú ìwé ìbí ọmọ náà, ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀, òun àti ọmọ náà wọkọ̀.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin akọ̀wé kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì tó ní ihò róbótó kan fún ọ̀rọ̀. Baba Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu sí ihò náà, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Akọ̀wé gbọ́ ọ tán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é."

"Ẹ̀rọ ló tilẹ̀kùn mọ́ wa, ìyá. Ìyẹn ló gbé wa wá."

"Mo gbọ́ yín. Àmọ́ nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń gbà. Èmi náà ò lè rí i níbí."

"Ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀."

"Ímeèlì tí ẹ fi sílẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ yí ímeèlì padà, inú ímeèlì àkọ́kọ́ náà ni yóò ti jẹ́wọ́ pé òun ni."

Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe dà báyìí. O dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, á ní kó o padà sídìí ẹ̀rọ. O padà sídìí ẹ̀rọ, á ní kó o lọ bá ènìyàn. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn aláìní gbé ń gbó. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò sí lẹ́yìn gíláàsì kankan tí o lè kàn.

Baba Kọ́kọ́rọ́ di ọmọ rẹ̀ léjìká mú, ó tì í síwájú ihò náà. "Ojú ẹ̀ nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé ìbí ẹ̀ nìyí, orúkọ ẹ̀ nìyí. Ṣé ojú ò tó ẹ̀rí mọ́?"

Akọ̀wé náà wo ọmọbìnrin náà. Kò ṣe bí ẹni burúkú. "Èmi mọ̀ ọ́n, bàbá. Ẹ̀rọ ni ò mọ ojú. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà náà kí a tó tilẹ̀kùn, ẹ sáré."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Àwọn ọmọbìnrin kan kọjá nínú aṣọ funfun, wọ́n ń takùrọ̀sọ, bàtà wọn ń dún kò-kò-kò lórí síméńtì. Nọ́ọ̀sì ń wo bàtà wọn.

"Bàbá mi," ló wí nígbà tó yá, "ẹ jẹ́ kí n pe Bàbá Kékeré."

Baba Kọ́kọ́rọ́ wo àgádágodo tó wà lára géètì. Iṣẹ́ burúkú ni, èèyàn lè fi ìṣó ṣí i. Ó wò ó títí.

"Pè é."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Wáyà kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá sàn ká ní ó fi wọ́n ṣe é. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín àwọn fóònù tó ti tú palẹ̀, ó palẹ̀ àga kan mọ́ fún un, ó sì gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ṣì lè rí i gbà. Olè yìí yí páásíwọ̀dù padà, àmọ́ kò tíì yọ nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kí wọ́n fi nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn ránṣẹ́ sí fóònù yẹn. Á dé báyìí báyìí."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Wáyà tẹ fóònù. Wọ́n dúró. Fóònù Baba Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Kò dún.

"Ó ní òun ti fi ránṣẹ́," ni Wáyà wí. "Nọ́ńbà wo ni ẹ fi síbẹ̀? Èyí tó parí sí òdo òdo yìí kọ́ lẹ ń lò?"

"Ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

"Síìmù ẹ̀ dà? Ẹ jẹ́ kí n kì í bọ fóònù kan."

Baba Kọ́kọ́rọ́ na ọwọ́, ó yí fóònù rẹ̀ dojú délẹ̀. Irin tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ ló fi gé síìmù náà sí méjì, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rín àwọn oníbàárà ṣì gbóná létí rẹ̀, nítorí pé orí nọ́ńbà yẹn ni Wáyà ti máa ń pè é láàárọ̀ láàárọ̀ pé kó má bínú. Ó ra òmíràn, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé wọn kò gbọ́dọ̀ fún Wáyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ pa á tì?"

Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wáyà wo àwọn méjèèjì, ó sì yé e. Ó gbé ojú padà sára kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan kíkankíkan, kò sì béèrè mọ́.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ni ímeèlì. Wọ́n fèsì pé àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó pe ilé iṣẹ́ fóònù. Wọ́n ní nọ́ńbà tí a ti pa tì bẹ́ẹ̀, wọ́n ti tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n pe ẹlòmíràn náà. Ọkùnrin kan tó ń wakọ̀ ló gbé e. Ó ní òun rí nọ́ńbà kan tó wọlé, àmọ́ wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé ẹni tó bá pè láti béèrè irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, olè ni. Ó pa fóònù. Kò gbé e mọ́. Ohun tó tọ́ ló ṣe.

Aago wà lára ògiri Wáyà. Nọ́ọ̀sì ń wò ó, ó ń wò ó. Nígbà tó ṣe, kò wò ó mọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ọ́fíìsì ti tì.

"Ó di ọdún tó ń bọ̀," ni Wáyà wí.

"Bí wọ́n bá tún mú mi," ni ọmọ náà wí.

Wáyà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àpótí ọjọ́sí yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa fún yín. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Àpótí tí a kó wọn sí lásán ni. Ẹni tó bá jí ti ìkòkò, ìkòkò ló jí. Ẹ má kàn mú èyíkéyìí tí wọ́n bá ń polówó o. Èyí tí àwọn tó mọṣẹ́ ti yẹ̀ wò ni kẹ́ ẹ mú, kó jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn ò lè rí inú ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ ọ̀rọ̀ tó ṣí i."

Ọwọ́ Baba Kọ́kọ́rọ́ ti lọ sí ọrùn rẹ̀, sí okùn tí kọ́kọ́rọ́ àpótí irin so mọ́. Ó dì í mú.

"O ṣàlàyé ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n padà sádùúgbò. Àwọn tó ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ omi ti ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu.

"Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ sọnù nílé alákọ́kọ́rọ́."

"Tí ilẹ̀kùn mi bá há báyìí, ta ni mo fẹ́ pè?"

"Pe olè. Òun ló mọṣẹ́ jù."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí ọmọbìnrin náà. Ẹ̀rín já. Ẹnì kan ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀ o," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dé òpin ọ̀rọ̀.

Ìyá ti se ìrẹsì, ó ti din ẹran sí i, irú oúnjẹ tí wọ́n máa ń se bí ìròyìn bá dára. Ó wo ojú wọn ní ẹnu ọ̀nà, ó sì mú abọ́ kan kúrò lórí tábìlì bí ẹni pé abọ́ náà ló ṣẹ̀. Wọ́n jókòó. Baba Kọ́kọ́rọ́ ní òun ti ya lára owó òtẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, kí ìyàwó òun gbé e lọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ gbé e lọ fúnra yín." Ó dìde, ó gbé e lọ. Nígbà tó padà dé, ìrẹsì ti tutù, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

"Bá mi fi àpótí yẹn sí i."

Nọ́ọ̀sì gbà á. Ó ṣe é kíákíá, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Ó fi hàn án bí yóò ṣe máa ṣe é: báńkì lọ́tọ̀, iléeṣẹ́ iná lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn tí ẹnu kò lè pè fún ìkọ̀ọ̀kan, àpótí á sì máa kọ wọ́n fúnra rẹ̀. Ó fi nọ́ńbà fóònù tuntun bàbá rẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní sùúrù, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń sọ fún aláìsàn bí yóò ṣe lo oògùn.

"Ó ku èyí tí yóò máa ṣí i. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, tí ẹ kò ní gbàgbé. Kó má jẹ́ orúkọ ìyá yín. Kó má jẹ́ nọ́ńbà ilé. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Fún ìwọ náà?"

"Fún èmi náà."

Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó dìde, ó kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ògiri. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ náà ni.

Baba Kọ́kọ́rọ́ jókòó pẹ́. Ìka tó ti fi fáìlì yún irin láti ìgbà èwe wúwo lórí gíláàsì fóònù. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kọ èkejì. Lára ohun tó kọ, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni yóò mọ̀ láéláé, àmọ́ ó pẹ́ lórí èyí tó kẹ́yìn, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kó tó kọ ọ́ tán.

"Mo ti ṣe tán," ló wí.

Ọmọ náà kò yíjú padà. Ó dúró síbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, apá rẹ̀ méjèèjì so rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ rò pé kò gbọ́. Ó lanu láti pè é. Nọ́ọ̀sì, orúkọ tí gbogbo ilé ń pè é, ló wá sí i lẹ́nu, ó sì gbé e mì.